Ìyá mi ń lọ sí Warri láti Itakpe: ṣé kí n dúró de ẹ̀dínwó, báwo la sì ṣe ń mọ ọkọ̀ ojú irin tó ń tọ́jú èrò?

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀yin ará ilé, okun o. Ìyàrà ni mo ti ń kọ̀wé. Ìyá mi, tó ti lé ní ọdún 70, fẹ́ lọ bá àbúrò mi obìnrin wẹ ọmọ tuntun ní Warri. Ọkọ̀ ojú irin láti Itakpe ni mo fẹ́ kí wọ́n wọ̀, nítorí pé orúnkún wọn kò gbà kí wọ́n ká ẹsẹ̀ kò nínú bọ́ọ̀sì láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Àwọn kan ní kí n ní sùúrù di oṣù Kejìlá, bóyá ìjọba àpapọ̀ yóò tún gbé èèyàn lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó wà ní Ìlú Ọba ní ẹ̀dínwó ni òun fi ń rin gbogbo ìrìn-àjò òun, ẹni tó bá san iye tí wọ́n kọ sójú pátákó ti fi owó ṣòfò. Ọ̀rẹ́ mi kan wá ní ẹni tó wọ ọkọ̀ ní owó pọ́ọ́kú kò gbọdọ̀ retí ìtọ́jú kankan nínú rẹ̀. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀ nínú wọn?

* * *

ÈSÌ KÌÍNÍ

Okun o, àbúrò mi. Kabba ni èmi ń gbé, mo sì ti wọ ọkọ̀ ní Itakpe lọ́pọ̀ ìgbà láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ojú irin náà fún èrò ní ọdún 2020. Ohun tí ojú mi rí ni n óò fi dá ọ lóhùn.

Má dúró de oṣù Kejìlá. Òótọ́ ni pé ìjọba àpapọ̀ gbé èrò ọkọ̀ ojú irin lọ́fẹ̀ẹ́ láti ọjọ́ 21 oṣù Kejìlá ọdún 2023 títí di ọjọ́ 4 oṣù Kìíní ọdún 2024, wọ́n sì tún ṣe bẹ́ẹ̀ láti ọjọ́ 20 oṣù Kejìlá ọdún 2024 títí di ọjọ́ 5 oṣù Kìíní ọdún 2025. Ṣùgbọ́n ìgbà tí ọdún ti kù sí dẹ̀dẹ̀ ni ìkéde méjèèjì jáde. Ẹni tó bá fi ọjọ́ ìrìn-àjò ìyá rẹ̀ ti sí ìkéde tí kò tíì jáde ti fi ọ̀ràn náà sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ọmọ tuntun ní Warri kò sì ní dúró dè é.

Ìṣirò owó gan-an ni mo fẹ́ kí o wò. Owó tíkẹ́ẹ̀tì kì í ṣe owó ìrìn-àjò, pàápàá fún àwa tí a wà ní ìhà Òkun níbí, tí ibùdó ọkọ̀ ojú irin kò sí ní ìlú wa. Láti Ìyàrà, ẹ ó kọ́kọ́ wá sí Kabba, ẹ ó wọ ọkọ̀ lọ sí Òkénè, láti Òkénè ni ẹ ó ti wá ohun tí yóò gbé yín dé Itakpe. Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ lásán ṣe é: bí gbogbo owó ọkọ̀ ilẹ̀ yẹn bá jẹ́ ₦6,000, tí tíkẹ́ẹ̀tì sì jẹ́ ₦4,000, ìrìn-àjò yín jẹ́ ₦10,000. Bí wọ́n bá dín tíkẹ́ẹ̀tì kù sí ìdajì, ₦2,000 ni ẹ jèrè. Ìdá kan nínú márùn-ún nìyẹn, kì í ṣe ìdajì tí gbogbo ènìyàn ń pariwo. Bí ó bá sì di pé ẹ sùn ní Òkénè kí ẹ tó lè bá ọkọ̀, owó yàrá ti gbé èrè náà lọ, ó sì tún ti bu owó yín jẹ.

* * *

ÈSÌ KEJÌ

Èmi ará Kabba náà ni mo tún dé. Àwọn mélòó kan ti dá sí ọ̀rọ̀ náà láti àná, ohun tí wọ́n ń sọ sì jọ ara wọn: ẹni tó san díẹ̀, kó fara mọ́ díẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn fi ọjà wé e, ó ní ẹni tó ra iṣu wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ kò lè retí iyán tó kún odó.

Mo takò ó. Iṣu wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ ni wọ́n tà fún ẹni yẹn, òun náà sì rí i kó tó sanwó. Ẹni tó ra tíkẹ́ẹ̀tì ẹ̀dínwó kò ra ààbọ̀ ìjókòó, ọkọ̀ náà kò sì ní já a sílẹ̀ ní Agbor kó tó gbé àwọn yòókù dé Warri.

Ẹ wo ìdí tí àwọn tó ni ọkọ̀ fi ń dín owó kù. Ọkọ̀ ojú irin tó bá gbéra yóò sun epo dísù, yóò san owó awakọ̀, owó ẹ̀ṣọ́ àti owó àwọn tó ń ṣọ́ ojú irin, yálà èrò 50 ló wà nínú rẹ̀ tàbí èrò 500. Ìjókòó tó ṣófo nígbà tí fèrè dún ti bàjẹ́ bí ewébẹ̀ tó rọ lórí igbá ní ọjà ìrọ̀lẹ́, kò sí ẹni tó lè tà á lọ́la. Ẹni tó fi owó pọ́ọ́kú ra ìjókòó yẹn kò jẹ ilé-iṣẹ́ ní gbèsè, ó mú owó wọlé níbi tí owó kankan kì bá tí wọlé. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń dín in kù fún ẹni tó tètè rà á, tàbí fún ẹni tó gbà láti rìn ní ọjọ́ tí èrò kì í pọ̀.

Èrò náà sì ti fi nǹkan sílẹ̀ níbi pàṣípààrọ̀ yìí. Ó fi àǹfààní àtiyí ọjọ́ padà sílẹ̀, ó fi àǹfààní àtigba owó padà sílẹ̀, nígbà mìíràn kò tún lè yan ibi tí yóò jókòó. Bí wọ́n bá kọ ọ́ sórí tíkẹ́ẹ̀tì pé kò sí àyípadà, kó má lọ bá wọn jà ní ibùdó nígbà tó bá pẹ́ dé. Ṣùgbọ́n kò sí ibi tó ti fi ọwọ́ sí i pé òun fi omi ilé ìgbọ̀nsẹ̀ sílẹ̀, tàbí pé kí wọ́n má sọ fún òun ìdí tí ọkọ̀ fi dúró sínú igbó.

Mo gbà pé kóòṣì àwọn olówó lè ní ìjókòó tó fẹ̀ jù, kí èèyàn inú rẹ̀ sì kéré. Ohun tí wọ́n fi owó lé nìyẹn, kò sí ẹni tó ń bínú sí i. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìmọ́tótó, ààbò àti ọ̀rọ̀ ẹnu kò ní kíláàsì.

* * *

ÈSÌ KẸTA

Mo fẹ́ dá ẹ̀gbọ́n rẹ tó wà ní Ìlú Ọba lóhùn, nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn wúlò, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibi tí wọ́n dúró sí ni wọ́n ti ń sọ ọ́.

Lọ́hùn-ún, wọ́n ní káàdì kan tí wọ́n ń pè ní Railcard. Láti oṣù Kẹta ọdún 2025, pọ́n-ùn 35 ni wọ́n ń ta èyí tó pọ̀ jù nínú wọn fún ọdún kan, ó sì máa ń yọ ìdá kan nínú mẹ́ta kúrò nínú owó tíkẹ́ẹ̀tì. Kí ẹ tó sọ pé ó dára, ẹ ṣírò rẹ̀: ẹni tí kò bá ra tíkẹ́ẹ̀tì tí àpapọ̀ iye rẹ̀ tó pọ́n-ùn 105 láàárín ọdún náà kò tíì rí owó káàdì rẹ̀ padà. Àwọn ẹni ọdún 60 sókè ní tiwọn. Èyí tó wà fún ènìyàn méjì tó ń rìn pọ̀ kì í ṣiṣẹ́ kó tó di aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ àárọ̀ ní ọjọ́ iṣẹ́, kì í sì í ṣiṣẹ́ rárá bí ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì kò bá sí níbẹ̀. Tíkẹ́ẹ̀tì Advance wà pẹ̀lú, èyí tí èèyàn máa ń rà ṣáájú ọjọ́ ìrìn-àjò. Ọkọ̀ tí wọ́n kọ sí i nìkan ni èèyàn lè wọ̀. Bí o bá sùn gbàgbé, owó rẹ ti lọ.

Ní Jámánì, káàdì tiwọn ni BahnCard. BahnCard 50 ń yọ ìdajì kúrò lórí tíkẹ́ẹ̀tì tó ṣeé yí padà, ṣùgbọ́n lórí tíkẹ́ẹ̀tì Sparpreis, tí owó rẹ̀ ti kéré tẹ́lẹ̀, ìdá 25 nínú 100 péré ló ń yọ, bákan náà pẹ̀lú BahnCard 25, tí owó rẹ̀ kéré sí tirẹ̀. Ẹni tí kò mọ èyí yóò ra káàdì tó gbówó lórí láti fi gba ẹ̀dínwó tí káàdì tó rọjú ì bá ti fún un. Káàdì náà tún máa ń tún ara rẹ̀ ṣe fúnra rẹ̀ lọ́dọọdún bí èèyàn kò bá kọ̀wé pé òun kò fẹ́ mọ́. Ọ̀pọ̀ àlejò ló ti san owó ọdún kejì láìmọ̀.

Ibi tí mo ń lọ gan-an nìyí. Ní àwọn orílẹ̀-èdè Ìṣọ̀kan Yúróòpù, òfin wà pé bí ọkọ̀ ojú irin bá fi wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ pẹ́ dé, kí wọ́n dá ìdá 25 nínú 100 owó tíkẹ́ẹ̀tì padà fún èrò tó bá béèrè, bí ó bá sì tó wákàtí méjì, kí wọ́n dá ìdajì padà, àyàfi tó bá jẹ́ ohun tó kọjá agbára wọn ló fà á. Iye tí èrò san ni wọ́n fi ń ṣe ìṣirò náà. Ẹni tó san owó kékeré yóò gba kékeré, ẹni tó san ńlá yóò gba ńlá, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ kan náà ni wọ́n ní. Ní Ìlú Ọba náà, ẹni tó fi tíkẹ́ẹ̀tì Advance rìn lè béèrè owó ìdádúró. Ẹ wá fi èyí wé ọ̀rọ̀ ẹni tó ní kí olówó pọ́ọ́kú panu mọ́.

Ní tiwa níbí, irú ẹ̀dínwó bẹ́ẹ̀ kò pọ̀. A ní owó ọmọdé, tó kéré sí ti àgbà, a sì ní ti ìparí ọdún tí mo ti sọ. Kí ẹni tó bá ń lọ sí Kaduna láti Abuja má gbàgbé pé láti ìgbà tí ọkọ̀ náà ti padà sẹ́nu iṣẹ́ ní oṣù Kejìlá ọdún 2022 ni wọ́n ti ní kí èrò fi nọ́ńbà NIN ra tíkẹ́ẹ̀tì. Má ra tíkẹ́ẹ̀tì tó ní orúkọ ẹlòmíràn nítorí pé ó rọjú.

* * *

ÈSÌ KẸRIN

Ẹ ti béèrè pé kí ni mo fi ń dá ọkọ̀ lẹ́jọ́. Mo ti ń retí ìbéèrè yìí, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí láàyè kí n sọ ọ́ gùn díẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ rántí irú ojú irin tí ti Itakpe jẹ́. Kìlómítà 326 ni, ọdún 1987 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, irin tútù tí wọ́n ń wà nílẹ̀ ní Itakpe ni wọ́n sì pète láti fi gbé lọ sí Ajaokuta àti sí Aladja lẹ́bàá Warri. Ẹrù ni wọ́n rò, kì í ṣe èèyàn, nítorí náà ibùdó jìnnà sí ara wọn, ọ̀pọ̀ wọn kò sì sí láàárín ìgboro. Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, tí bàbá mi mú mi wọ rélùwéè àtijọ́ láti Ilọrin, fèrèsé ṣeé ṣí. Bí ọkọ̀ bá dúró ní Jẹ́bà, àwọn obìnrin á ti gbé ẹja yíyan àti omi dé abẹ́ fèrèsé kí ọkọ̀ tó dúró tán, bàbá mi á na ọwọ́ síta, owó á lọ, ẹja á wọlé. Bí àwọn tó wà nínú ọkọ̀ kò bá tọ́jú èèyàn, ọjà ìta á tọ́jú rẹ̀. Nínú kóòṣì òde òní, fèrèsé kò ṣeé ṣí, ẹ̀rọ amúlétutù ló ń fún wa ní atẹ́gùn. Ohun tí wọ́n bá ṣe fún wa nínú ọkọ̀ ni a ní títí a ó fi sọ̀ kalẹ̀. Ìdí nìyí tí ìtọ́jú inú ọkọ̀ fi ṣe pàtàkì ju ti ayé bàbá mi lọ.

Èmi kì í fi aṣọ àwọn òṣìṣẹ́ dá ọkọ̀ lẹ́jọ́, n kì í sì í fi wákàtí àkọ́kọ́ dá a lẹ́jọ́. Ní wákàtí àkọ́kọ́, gbogbo ọkọ̀ ló mọ́. Ohun kìíní ni omi. Wákàtí kejì ni mo máa ń dìde lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, yálà mo fẹ́ lò ó tàbí n kò fẹ́. Lórí ojú irin kan tí mo wọ̀ ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo fi àtàǹpàkò tẹ ẹnu ẹ̀rọ omi, ó mí hẹ̀ẹ̀, ẹ̀kán omi kan bọ́, ó tán. Ike ọtí ẹlẹ́rìndòdò kan tí wọ́n gé lórí wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, tí ẹnì kan ti fi bu omi wá láti ibì kan. Obìnrin kan dúró lẹ́yìn mi pẹ̀lú ọmọ tó ti yàgbẹ́ sára, ó wo ojú mi, mo sì mi orí sí i pé kò sí omi. Omi inú ọ̀rá méjì tí mo rà fún mímu ni mo fún un. Kóòṣì olówó ńlá ni èmi wà lọ́jọ́ náà, inú kóòṣì olówó pọ́ọ́kú ni òun ti wá, ìdí ẹ̀rọ gbígbẹ kan náà la sì ti pàdé.

Ohun kejì ni ìdákẹ́jẹ́. Kí ẹ tó bínú pé ọkọ̀ dúró, ẹ mọ̀ pé ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ní ọ̀nà méjì, èyí tó ń lọ àti èyí tó ń bọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan ṣoṣo ni ti Abuja sí Kaduna. Lórí ọ̀nà kan ṣoṣo, ọkọ̀ kan gbọ́dọ̀ yà sí ẹ̀gbẹ́ ní ibùdó kí èkejì lè kọjá, dídúró bẹ́ẹ̀ kì í sì í ṣe àṣìṣe ẹnikẹ́ni. Àìsọ̀rọ̀ ni àṣìṣe. Mo ti wà nínú ọkọ̀ kan tó dúró láàárín igbó fún ìṣẹ́jú 100, tí ẹnikẹ́ni kò sọ ohunkóhun; èrò kan tí arákùnrin rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní ibùdó tó wà níwájú ló pè é lórí fóònù, òun ló wá ń lọ láti ìjókòó dé ìjókòó, ó ń sọ fún àwọn ìyá àgbà kí wọ́n fọkàn balẹ̀. Mo tún ti wà nínú òmíràn tí òṣìṣẹ́ kan wọlé láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ó ní, “Ẹ má bínú, a ń dúró de ọkọ̀ tó ń bọ̀ láti òdìkejì, yóò tó ogún ìṣẹ́jú,” ó sì tó ogún ìṣẹ́jú. Ọkọ̀ méjèèjì ló pẹ́ dé. Ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ni mo lè sọ pé ó tọ́jú mi.

Ohun kẹta ni àtẹ̀gùn ẹnu ọ̀nà. Ní Itakpe, ní ibùdó tí wọ́n fi orúkọ Adamu Attah pè, ẹni tó ṣe gómìnà nígbà tí Kabba àti Òkénè ṣì jọ wà ní ìpínlẹ̀ Kwara, mo rí ọ̀dọ́mọbìnrin òṣìṣẹ́ kan tó sọ̀ kalẹ̀ nígbà tó rí bàbá arúgbó kan tó ń fi ọ̀pá wá àtẹ̀gùn. Kò fa bàbá náà. Ó gba àpò rẹ̀ kọ́ èjìká, ó tẹ ọwọ́ òsì rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó gbé àwo, ó sì dúró títí bàbá fi gbé ọwọ́ lé e. Kò bi í léèrè kíláàsì tó rà.

* * *

ÈSÌ KARÙN-ÚN

Ìyá wa kan láti Mọ̀pà kọ̀wé pé ìgbà ọ̀fẹ́ ni àwọn wọ ọkọ̀ ojú irin fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n sì ní ìyà ni àwọn jẹ, àwọn kò ní padà síbẹ̀ mọ́. Ẹ pẹ̀lẹ́, mà. N kò ní jiyàn pẹ̀lú ohun tí ojú yín rí.

Ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má fi ọ̀sẹ̀ yẹn dá gbogbo ọdún lẹ́jọ́. Ọ̀fẹ́ máa ń kó gbogbo èrò tó yẹ kó rìn fún oṣù kan jọ sí ọ̀sẹ̀ méjì. Iye kóòṣì kò yí padà, iye àwọn tó ń gbálẹ̀ kò yí padà. Ṣùgbọ́n èmi náà kò gbà fún àwọn tó ń sọ pé ẹ kò ní ẹnu láti ráhùn nítorí pé ẹ kò sanwó. Ẹ sanwó. Owó ìlú ni ìjọba san dípò yín.

Àwọn tó máa ń jèrè jù nígbà ẹ̀dínwó ni àwọn tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì jọ. Mo rí wọn rí ní ìta ibùdó kan: ojú fèrèsé tíkẹ́ẹ̀tì ní ó ti tán, ọmọkùnrin kan sì wà lábẹ́ igi tó ní mẹ́fà lọ́wọ́. Iye tó pè kọjá iye tí wọ́n ń tà á nígbà tí kò sí ẹ̀dínwó rárá. Mo bá a ṣe àríyànjiyàn, àárẹ̀ mú mi, mo san án, nítorí pé alẹ́ ń lẹ́. Nígbà tí a wọ inú ọkọ̀, ìjókòó méjì ló ṣófo ní ìlà tí mo wà títí a fi dé. Ẹnì kan ti ra àwọn ìjókòó náà, kò rí ẹni tà wọ́n fún, àwọn ènìyàn sì wà níta tí wọ́n ní kí wọ́n padà sílé. Ó dùn mí ju owó tí mo san lọ. Ibi tí wọ́n bá ti ń kọ orúkọ èrò sí tíkẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì ń yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́nu ọ̀nà ní tòótọ́, iṣẹ́ irú ọmọkùnrin yẹn kì í pẹ́ parẹ́. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní kí ẹ mú ìwé ìdánimọ̀ wá, ẹ má bínú sí wọn.

* * *

ÈSÌ KẸFÀ

Lórí oúnjẹ, n kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀. Ẹ ń jiyàn nípa ìrẹsì inú ọkọ̀ bí ẹni pé òun ni ìtọ́jú. Ní Amẹ́ríkà, lórí ọkọ̀ Amtrak tó ń rin ìrìn-àjò jíjìn, ẹni tó gba yàrá ibùsùn ni oúnjẹ wà nínú owó rẹ̀. Ẹni tó wà ní ìjókòó lásán yóò lọ ra tirẹ̀. Ìyàtọ̀ tó mọ́gbọ́n wá ni, nítorí pé wọ́n ti sọ ọ́ fún onítọ̀hún kó tó sanwó. Ní tiwa, ẹ gbé mọ́ínmọ́ín àti omi tiyín dání. Ẹja gbígbẹ ni kí ẹ fi sílé, nítorí pé fèrèsé kò ṣeé ṣí.

* * *

ÈSÌ KEJE

Ẹnì kan ní kí ìjọba ṣe ẹ̀dínwó fún àwọn àgbàlagbà, ẹlòmíràn sì dá a lóhùn pé kò sí ibi tí wọ́n ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ tí owó kò ní tán. Mo fara mọ́ ẹni àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀rọ̀ Íńdíà wá, nítorí pé ó ti ẹnì kejì lẹ́yìn díẹ̀. Ní Íńdíà, ọkùnrin tó bá ti pé ọdún 60 máa ń rí ìdá 40 nínú 100 yọ kúrò nínú owó ọkọ̀ ojú irin, obìnrin tó bá ti pé ọdún 58 a sì rí ìdajì. Ní oṣù Kẹta ọdún 2020, nígbà àrùn kòrónà, wọ́n dá a dúró. Àrùn náà lọ, ọkọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́, wọn kò dá ẹ̀dínwó àwọn àgbàlagbà padà.

Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ẹ̀dínwó tí wọ́n fún èèyàn bí àánú rọrùn láti gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ní kí n yan ọ̀kan fún àwọn ìyá wa ní Yàgbà, Ìjùmú, Bùnú àti Owé, n óò kọ́kọ́ béèrè fún ẹni tí yóò dúró ní ẹnu ọ̀nà kóòṣì láti fà wọ́n lọ́wọ́, àti fún ìjókòó tó sún mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún wọn. Lẹ́yìn náà ni n óò wá sọ̀rọ̀ owó.

* * *

ÈSÌ KẸJỌ

Àbúrò mi, mo ti rí i pé o padà wá, o sì ní o ti fọwọ́ mú ọjọ́. Ó dára. Ẹ jẹ́ ká kúrò lórí gbogbo ayé, ká padà sórí ìyá rẹ.

Fún àlọ, ọjọ́ ti dájú, nítorí náà ra tíkẹ́ẹ̀tì tó bá rọjú jù, kí o sì tètè rà á. Má fi owó ńlá ra kóòṣì àwọn olówó nítorí orúkọ rẹ̀. Ibi tí ìjókòó wà ló ṣe pàtàkì fún orúnkún: béèrè fún ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ní ìlà tó sún mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ní ẹ̀gbẹ́ tí wọ́n yóò ti lè na ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n sí ọ̀nà. Bí ó bá jẹ́ pé kóòṣì olówó ńlá nìkan ni irú ìjókòó bẹ́ẹ̀ kù sí, san án, owó ìjókòó ni o san nígbà náà, kì í ṣe owó iyì.

Fún àbọ̀, má ra ohunkóhun nísinsìnyí, ì báà jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́ta owó ni wọ́n yọ. Ìyá tó lọ wẹ ọmọ kì í mọ ọjọ́ tí yóò darí. Wọ́n lè ní ogójì ọjọ́, ìdodo ọmọ lè pẹ́ kó tó jábọ́, àbúrò rẹ lè ní kí wọ́n dúró di ìgbà tí òun yóò padà sẹ́nu iṣẹ́. Tíkẹ́ẹ̀tì tí kò ṣeé yí padà yóò wá di ohun tó ń lé ìyá yín kúrò ní ilé ọmọ wọn. Iye tó pé ni kí o fi ra ti àbọ̀, ní ọ̀sẹ̀ tí wọ́n bá ní àwọn ti ṣe tán.

Owó tí o bá jèrè lórí àlọ, fi háyà ọkọ̀ láti Kabba lọ tààrà sí Itakpe, kí wọ́n má baà wọ ọ̀kadà pẹ̀lú ẹrù. Kí ẹ ti dé ibùdó ní wákàtí kan ṣáájú. Fi omi inú ọ̀rá mẹ́rin sínú àpò wọn, méjì fún mímu, méjì fún ọwọ́. Kọ nọ́ńbà fóònù rẹ sínú ìwé, kì í ṣe sínú fóònù wọn nìkan, nítorí pé fóònù lè kú. Bí o bá dé ẹnu ọ̀nà kóòṣì, wo òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ lójú, kí i dáadáa, kí o sì sọ fún un pé ìyá yín kò lè tẹ orúnkún ọ̀tún. Ní wákàtí kejì, pè wọ́n, kí o bi wọ́n bóyá omi ṣì ń jáde.